Afárá Tí Ẹsẹ̀ Yóò Gbà

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ya ohun kan ṣoṣo tí ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí yóò fi mọ̀ pé Ìbàdàn nìyí, kò ṣòro láti mọ ohun tí wọn yóò yà. Àwọn kan yóò ya Gbọ̀ngàn Màpó pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Àwọn mìíràn yóò ya ilé-ìṣọ́ Bower tí ó ti wà lórí Òkè Ààrẹ láti ọdún 1936, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn yóò ya Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà 26, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi owó kòkó kọ́ parí ní ọdún 1965. Kò dájú pé ẹnì kankan nínú wọn yóò ya afárá ẹlẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá ka iye ìgbà tí ará Ìbàdàn ní láti sọdá títì lójúmọ́, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ló yẹ kí ó sún mọ́ ọn jù nínú gbogbo ohun ńlá tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ sí ìgboro.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ilé gogoro lè di àmì ìlú láìjẹ́ pé gbogbo ará ìlú wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ata ní Dùgbẹ̀ lè lo ogún ọdún lábẹ́ òjìji Ilé Kòkó kí ó má gun àjà kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ tirẹ̀ ni Ilé Kòkó. Ojú ni ilé gogoro ń bá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, bí ẹsẹ̀ kò bá gbà á, irin àti kọnkéré tí ó dábùú títì lásán ni, ibi tí àwọn olóṣèlú yóò máa lẹ àwòrán mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò di àmì ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí ojú ń fẹ́ ná, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ó la Ìbàdàn àtijọ́. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Òjé dé Òkè Ààrẹ, agbo ilé ló bí ọ̀nà. Ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ sí ọjà ló di òpópónà nígbẹ̀yìn. Ìbàdàn tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń kọ́ àdúgbò Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, àti nígbà tí Ring Road àti Challenge ń gbòòrò lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ọ̀nà. Ọ̀nà fẹ̀, ó sì gùn fún ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀. Ẹni tí ó dúró sí etí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí kò sí nínú ètò.

Ẹ wo iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ títì tí ó lọ sí Ọ̀yọ́. Òdìkejì títì ni Àgbówó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba yàrá, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì, tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ wà ní apá kan, ilé àti oúnjẹ wà ní apá kejì, Micra àti ọ̀kadà sì ń du ọ̀nà láàárín méjèèjì. Ẹ wo ọjà Bódìjà tí kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí àwọn alábàárù ti ń gbé àpò ẹ̀wà àti agbọ̀n tòmátì kọjá níwájú ọkọ̀. Ẹ wo Challenge, níbi tí àwọn tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ Èkó tàbí Ìjẹ̀bú ti ń fi ọwọ́ kan di báàgì mú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì bẹ awakọ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ dẹ ìrìn díẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ewu tí ó wà níbẹ̀ hàn. Ọkọ̀ tí ó ń sáré ní ìwọ̀n 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní títì kan fẹ̀ tó mítà 20. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tí ó ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 17 kí ó tó sọdá tán. Láàárín àkókò yìí, ọkọ̀ tí ó wà ní ọ̀ọ́kán, ní nǹkan bíi mítà 280, yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó ru ẹrù, tí kò lè rìn ju mítà 0.8 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 25, ọkọ̀ náà yóò sì ti rin ju mítà 400 lọ. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí ìyá yìí kò tíì rí rárá nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ bọ́ sí títì lè wá bá a láàárín ọ̀nà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní ọdún 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 5 sí 29, kò sí ohun mìíràn tí ó ń pa ènìyàn tó o. Ọjọ́ orí àwọn tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ni èyí. Nígbà tí aago ìparí ẹ̀kọ́ bá lù, àwọn gan-an ló ń tú jáde sí etí títì.

Ohun tí àwọn aláṣẹ sábà máa ń fi dáhùn ewu yìí ni afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ìdáhùn rere ni, ṣùgbọ́n ìṣirò kejì wà tí a kì í sábà ṣe. Abẹ́ afárá gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 5 àbọ̀ kí tírélà tí ó di ẹrù gogoro lè ráyè kọjá. Bí a bá ka nínípọn ilẹ̀ afárá mọ́ ọn, ẹlẹ́sẹ̀ yóò gun nǹkan bíi mítà 6. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, àtẹ̀gùn 40 ni ènìyàn yóò gùn, yóò sì tún sọ̀ 40 mìíràn kalẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gun ẹyọ kan nínú wọn. Bí a bá wá fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò àtẹ̀gùn, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni pé kí ilẹ̀ má ṣe ga ju mítà 1 lọ nínú mítà 12 tí ènìyàn bá rìn. Mítà 6 lọ́nà 12 jẹ́ mítà 72. Ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì papọ̀ jẹ́ mítà 144, láìtíì ka ibi ìsinmi àti orí afárá gan-an. Ohun tí afárá náà ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ sọdá mítà 20 ni pé kí ó rin ju mítà 160 lọ.

Ẹni tí ìṣirò yìí bá yé yóò ṣọ́ra kí ó tó pe àwọn tí ó ń sáré sọdá lábẹ́ afárá ní òmùgọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ wà tí ara wọn le kokooko, tí ó jẹ́ pé ìkánjú àti àìbìkítà lásán ni ó ń gbé wọn wọ títì. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ru agbọ̀n tòmátì ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ láìlo ìwé. Ó mọ ohun tí àtẹ̀gùn 40 yóò fi orúnkún òun ṣe. Ó tún mọ̀ pé lánàá òun gba abẹ́ afárá, òun sì dé ilé láyọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìṣirò rẹ̀ ní láti kùnà, ọjọ́ kan náà sì ti tó láti pa á. Síbẹ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe orí kunkun. Orúnkún rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí ẹni tí ó ya afárá kò rántí láti bi í.

Ní ìlú Èkó, ìjọba ti fi òfin àti ipá kún ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà àwọn òṣìṣẹ́ KAI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, títí di ìgbà àwọn LAGESC tí ó rọ́pò wọn, àwọn agbófinró ti ń mú àwọn tí ó ń sọdá òpópónà márosẹ̀ lábẹ́ afárá. Wọ́n tún fi irin dí àárín títì ní àwọn ibì kan. A kò lè sọ pé kò wúlò. Ní ọjọ́ tí agbófinró bá dúró níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń gun afárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá lé ní ogún ọdún tí a ti ń mú àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ní ibì kan náà, ó yẹ kí a pe afárá náà wá sí ìdájọ́ pẹ̀lú. Òfin lè lé ẹsẹ̀ gun òkè lónìí. Kí ni yóò gbé e gun òkè lọ́la tí kò bá sí ẹni tí ó ń lé e?

Ìlú kan ní ilẹ̀ Ìráànì ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tí ó yani lẹ́nu. Ní Tehran, òpópónà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Modarres la àárín ọgbà ìgbafẹ́ méjì kọjá. Ní ọdún 2008, ìlú náà ṣe ìdíje láti wá ẹni tí yóò ya afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò so ọgbà méjèèjì pọ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 26 kan, Leila Araghian, ni ó borí. Wọ́n ṣí afárá náà ní ọdún 2014. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 270, Tabiat ni orúkọ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Aga Khan fún ilé yíyà ní ọdún 2016. Lónìí, ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ Tehran.

Ẹwà rẹ̀ kò kéré: àwọn òpó rẹ̀ ya ẹ̀ka bí igi, ọ̀nà orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́ ni ó ń fa àwọn ènìyàn. Lákọ̀ọ́kọ́, orí òkè ni àwọn ọgbà méjèèjì wà, ọkọ̀ ń gba ìsàlẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gun òkè náà fún ẹlẹ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, afárá náà fẹ̀, ó ní àjà ju ẹyọ kan lọ, ó ní ìjókòó, ó sì ní ibi tí ènìyàn ti lè jẹun. Àwọn mìíràn kò bá ti sísọdá wá rárá. Wọ́n wá jókòó, wọ́n wá wo òkè jíjìn, wọ́n wá bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Araghian mọ̀ pé ibi tí ó bá tu ènìyàn lára ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbé e lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù wá, ẹ̀kọ́ olówó iyebíye sì ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2000, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Millennium Bridge lórí odò Thames. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ni ó yà á: Norman Foster tí í ṣe ayàwòrán ilé, Anthony Caro tí í ṣe agbẹ́gilére òde òní, àti àwọn ẹnjiníà Arup. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó rọ́ gùn ún lọ́jọ́ náà, afárá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n tì í pa.

Ohun tí ó fà á rọrùn láti ṣàlàyé. Bí ènìyàn bá ń rìn, yàtọ̀ sí pé ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ń tì í díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì. Nígbà tí afárá bá mì díẹ̀, àwọn tí ó wà lórí rẹ̀ yóò ya ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n má baà ṣubú, wọn yóò sì máa bá mímì náà rìn láìmọ̀. Bí wọ́n ti ń bá a rìn ni mímì náà ń pọ̀ sí i. Àwọn ẹnjiníà ní láti so ẹ̀rọ tí ó ń gba ìmìtìtì mọ́ra sí abẹ́ rẹ̀, oṣù kejì ọdún 2002 sì ni àwọn ènìyàn tó tún gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn tí ó mọ gbogbo nǹkan nípa irin ṣì ní ohun kan láti kọ́ nípa ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ya afárá fún Àgbówó tàbí Bódìjà gbọ́dọ̀ rò ó bí yóò ti rí ní ọjọ́ ọjà, ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, ní àkókò tí ilé-ìwé mẹ́ta bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítòsí ilé, a ní afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí ní Èkó, tí iléeṣẹ́ Julius Berger kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2013. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.36, òpó gíga kan ni ó fi okùn irin gbé apá kan rẹ̀ dúró lórí omi. Láìpẹ́ láìjìnnà, ó di àwòrán tí wọ́n fi ń polówó Èkó nínú fíìmù àti lórí kálẹ́ńdà. Àwọn tí ó ń ṣeré ìdárayá ń fi ẹsẹ̀ gba orí rẹ̀ ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún ní pàtàkì, ọkọ̀ kì í sì í ní orúnkún tí ń dùn ún. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí Ìbàdàn fi sọ́kàn. Òpó gíga àti okùn irin lè jẹ́ kí a ya fọ́tò afárá. Wọn kò lè jẹ́ kí ìyá alátà gùn ún.

Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ yíyà ohun tí ó bá ilẹ̀ yìí mu, Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti rìnrìn-àjò kí ó tó rí olùkọ́. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí ara ògiri kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé, kí oòrùn má sì lè wọ inú ilé tààrà. Ní Sàmọ́ńdà, lẹ́bàá títì kan náà tí ó ti Yunifásítì lọ sí Ṣángo, ilé ìjọsìn àwọn Dominican wà níbẹ̀, tí Demas Nwoko yà ní àwọn ọdún 1970. Nwoko kò kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ayàwòrán àti oníṣẹ́ tíátà ni. Ó po ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ó gbẹ́ òpó igi, ó sì jẹ́ kí òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ní ọdún 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Nwoko ni pé ohun tí ilẹ̀ ìlú ẹni ní, ni kí a fi yanjú ohun tí ìlú ẹni nílò.

Kí ni ilẹ̀ Ìbàdàn ní? Ó ní òkè. Ìlú tí ó ń gun òkè, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà ni. Lọ́pọ̀ ibi, títì gba inú kòtò kọjá, ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì wà lókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá àyè fún afárá, nítorí pé láti orí ilẹ̀ ni ènìyàn yóò ti rìn bọ́ sórí rẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn 40. Bí ọjà tàbí ilé-ìwé bá wà nítòsí, a jẹ́ pé àyè ti pé. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti ka àwọn tí ó ń sọdá, ibi tí wọ́n ti wá àti ibi tí wọ́n ń lọ. Koríko tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ kú láàárín títì sàn ju àwòrán orí tábìlì lọ. Nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kí afárá náà ní ẹnu ju méjì lọ: kí ọ̀kan bọ́ sínú ọjà, kí òmíràn bọ́ sí ibùdókọ̀, kí òmíràn dojú kọ géètì ilé-ìwé.

Lẹ́yìn náà ni kí a ronú sí ẹrù. Ìlú tí orí ń ru ẹrù ni ìlú yìí. Afárá tí ó fẹ̀ tó kí alábàárù méjì pàdé láìkọlu ara wọn, kí ẹnì kẹta sì lè dúró sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yóò fẹ̀ tó mítà 4. Kí ó ní òrùlé nítorí oòrùn àti òjò, ṣùgbọ́n kí òrùlé náà ga tó kí agbọ̀n orí má fi kan án. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ihò bí ògiri àwọn ilé Yunifásítì, kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá, kí àwọn tí ó wà ní títì sì lè rí àwọn tí ó wà lórí afárá. Ibi tí ojú kò tó ni olè ń fẹ́, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í sì í gun afárá lálẹ́ nítorí èyí. Iná tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn yóò ràn án lọ́wọ́ ní ìlú tí iná mànàmáná kò ṣeé gbára lé.

Kí ni kí a ṣe fún àwọn tí yóò wá tajà lórí rẹ̀? Bí a bá lé wọn ní ìgbà mẹ́wàá, wọn yóò padà wá ní ìgbà kọkànlá, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí ni ọjà wà. Ó sàn kí a yà àyè sọ́tọ̀ fún wọn ní ẹnu afárá, ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìsinmi, kí àárín lè ṣófo fún ìrìn. Owó kékeré tí wọ́n bá ń san lè máa tọ́jú gílóòbù àti ẹni tí ń gbálẹ̀. Níbi tí alágbàdo bá jókòó sí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ọmọ ilé-ìwé láti kọjá.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹwà tó wọlé, kò sì yẹ kí a fi ojú kéré rẹ̀. Ìbàdàn ní àwọn obìnrin aláró tí ó ti yanjú ọ̀rọ̀ àmì ìlú tipẹ́tipẹ́. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀ gbangba. Kò sí ìjọba tí ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n fi Màpó sínú aṣọ. Wọ́n rí i, wọ́n gbà á bíi tiwọn, wọ́n sì fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà á. Òṣùwọ̀n tí ó dájú nìyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá afárá kan ti di àmì ìlú: ṣé ẹni tí a kò san owó fún yóò yà á? Òrùlé tí ó ní àwọ̀ páànù Ìbàdàn tí ó ti pọ́n, ihò ẹ̀gbẹ́ tí ó tẹ̀lé bátànì àdìrẹ, òpó tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, gbogbo èyí lè jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn wo afárá náà kí ó sì rí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gùn ún rí kò ní ìdí láti yà á.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹni tí ó fẹ́ràn afárá kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ní ibòmíràn, ohun tí ó dára jù ni kí a má kọ́ afárá rárá. Ní ìlú Mexico City, àwọn tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ń pe ọ̀pọ̀ afárá bẹ́ẹ̀ ní afárá tí ó ń ta ko ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí ọkọ̀ má baà dúró. Àríyànjiyàn wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, kì í ṣe ibi tí a lè sọ pé kí tírélà dúró kí ìyá kan kọjá. Afárá ló yẹ ibẹ̀. Àmọ́ iwájú ọjà Bódìjà jẹ́ inú ìlú. Níbẹ̀, ilà funfun fífẹ̀, iná tí ó ń dá ọkọ̀ dúró, àti ilẹ̀ tí a gbé sókè díẹ̀ kí ọkọ̀ má lè sáré, lè gba ẹ̀mí là pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Kí a tó sọ pé kí ẹlẹ́sẹ̀ gun mítà 6, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkọ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ búréèkì.

Èdè Yorùbá fi orúkọ kan náà pe ohun tí a ń gbà kọjá lórí omi àti ohun tí oyin ń gbé inú rẹ̀. Afárá ni méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó rí afárá oyin tí kì í yìn ín fún ẹwà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oyin kò ya ihò kan níbẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwọ̀n ara oyin ni ó fi ṣe ìwọ̀n ihò. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n orúnkún ìyá alátòmátì, ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ arọ àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méje ya afárá sí Ìbàdàn yóò ti ṣe èyí tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ yìí kò sì ní láti dúró de ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti olùkọ́ Yorùbá lè pawọ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí inú ọgbà, lẹ́yìn géètì, kí wọ́n ka iye ènìyàn tí ó sọdá títì láàárín wákàtí kan, iye tí ó ru ẹrù, iye tí ó fa ọmọ lọ́wọ́, iye tí ó sáré. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó já gaara, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé tí ó ní iye nínú máa ń ṣòro fún aláṣẹ láti jù sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò kà á yìí ni yóò tún sọdá títì kan náà lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́.